Ẹ̀dà Mélòó Ló Ń Ṣiṣẹ́?

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta tí mo máa fi orí kẹrin iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi lé alábòójútó mi lọ́wọ́, mo ṣí fáìlì tí mo ń kó iye F0 sí, mo sì bá ìlà méjì-méjì níbẹ̀. Sílébù kan náà, iye kan náà, lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀bi mi ni. Mo ti fi nohup gbé ohun.py sẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́, mo pa tẹ́mínà dé, mo rò pé ó ti kú, ni mo bá tún gbé òmíràn dìde. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ nohup gan-an ni pé kí ètò máa bá iṣẹ́ lọ bí ẹ tilẹ̀ pa tẹ́mínà dé.

Ẹ̀dà mélòó ló wá ń ṣiṣẹ́? Lórí Linux, ps aux máa ń to gbogbo ètò tó ń ṣiṣẹ́, ìlà kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. grep ń ṣa ìlà tí a fẹ́, wc -l ń ka iye wọn. Mo tẹ:

ps aux | grep ohun.py | wc -l

Ó ní 3. Méjì ni mo gbé dìde. Ta ni ẹ̀kẹta? grep fúnra rẹ̀ ni! Òun náà jẹ́ ètò tó ń ṣiṣẹ́, "ohun.py" sì wà nínú àṣẹ tí a fi pè é, ló bá ka ara rẹ̀ mọ́ wọn. Ó yẹ kí èyí yé àwa onímọ̀ èdè: ẹni tó ń bèèrè Adé máa ń dárúkọ Adé, ìyẹn ò sọ ọ́ di Adé.

pgrep kì í ka ara rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mo tẹ pgrep -c ohun.py, òdo ló fún mi. Orúkọ ètò nìkan ló ń wò, python3 sì lorúkọ ètò tèmi. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e nínú àṣẹ lásán ni ohun.py. -f ló ń sọ fún un pé kó wo gbogbo àṣẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin:

pgrep -fc ohun.py

Ó ní 2. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Ẹ má tíì pa nǹkan kan o. Bí ẹ bá ṣí ohun.py nínú nano, -f máa ka nano náà mọ́ wọn. Ẹ kọ́kọ́ tẹ pgrep -af ohun.py, kí ẹ rí àṣẹ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, ìyẹn PID. Ibẹ̀ ni mo ti rí 4127 àti 4388. Láti mọ èyí tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀:

ps -o pid,lstart -p 4127,4388

Mo fi kill 4388 dá èyí tó bẹ̀rẹ̀ kẹ́yìn dúró, mo jẹ́ kí ìkejì parí. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà sílébù tirẹ̀, nítorí náà sort -u yọ àwọn àdàkọ kúrò láìfọwọ́ kan ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀.