Joan Eardley àti Ohun Tí Kì Í Dúró Jẹ́ẹ́

Bí a bá ń wádìí ohun tó kọ́ ayàwòrán ní iṣẹ́, a kì í béèrè olùkọ́ rẹ̀ nìkan. A tún máa ń béèrè ohun tó ń wò bó ṣe ń yàwòrán. Ẹ jẹ́ ká fi Joan Eardley ṣe àpẹẹrẹ.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí i sí ní 1921, ṣùgbọ́n ọmọ Scotland ni ìyá rẹ̀, Scotland náà ló sì ti ṣiṣẹ́. Hugh Adam Crawford kọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà Glasgow. Ní 1947 ó lọ sọ́dọ̀ James Cowie ní Arbroath. Cowie fẹ́ àwòrán tí a fara balẹ̀ tò, tí ìlà rẹ̀ mọ́ kedere. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò wọ̀. Ẹ má fojú di irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ o. Ẹni tí a ń bá jiyàn a máa jẹ́ ká mọ ọ̀nà tiwa. Lẹ́yìn náà ó rin ìrìn àjò lọ sí Ítálì, ó sì wo àwòrán ara ògiri tí Giotto àti Masaccio ṣe.

Lójú tèmi, àwọn ọmọ Townhead, àdúgbò àwọn tálákà ní Glasgow, ló kọ́ ọ jù. Ọmọ méjìlá ni ìdílé Samson bí, àwọn ọmọ náà a sì máa wọlé wọ̀de ní yàrá iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọdé kì í dúró jẹ́ẹ́! Kí wọ́n tó sáré jáde, ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti mú súwẹ́tà tó gbó, àti ọwọ́ ẹ̀gbọ́n tó di àbúrò mú.

Ọwọ́ tó yá yìí ló gbé lọ sí Catterline, abúlé apẹja kan ní gúúsù Aberdeen. Bó bá gbọ́ pé ìjì ń bọ̀, ó lè gbéra láti Glasgow. Yóò fi okùn àti òkúta de igi tó gbé àwòrán lé, kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ, yóò sì máa fi ọ̀dà lé ìgbì kiri lórí pátákó.

Jẹjẹrẹ ọmú pa á ní August 1963, ọdún kan náà tí Royal Scottish Academy sọ ọ́ di ọmọ ẹgbẹ́ kíkún. Ẹni ọdún 42 péré ni. Ó dùn mí gan-an, torí iṣẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná ni.

Bí ẹ bá rí “Seeded Grasses and Daisies, September”, tó yà ní 1960, ẹ kọ́kọ́ sún mọ́ ọn. Koríko gidi pẹ̀lú irúgbìn rẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ ọ̀dà yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ fà sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ wo bí pápá náà ṣe ń mì.