Bí A Ṣe Lè Ṣọ́ Ẹnu-Ọ̀nà Ayélujára Nínú Ilé

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, yálà ọmọ Gánà ni yín, tàbí ọmọ Nàìjíríà, Tógò tàbí Benin, ẹ̀kọ́ yìí kan gbogbo wa. Bí a bá di olùkọ́ tán, àwọn òbí yóò máa bi wá léèrè pé: “Tíṣà, kí ni kí á ṣe tí ọmọ wa kò fi ní máa rí ohun tí kò yẹ ojú rẹ̀ lórí fóònù?” Òfin Ààbò Ayélujára tí Gánà ṣe ní ọdún 2020, èyí tí í ṣe Òfin 1038, ní apá kan tí ó dá lórí ààbò ọmọdé. Ṣùgbọ́n òfin kì í bá ọmọ gbé yàrá. Òbí ni ó ń bá a gbé.

Ní ilé tí ó bá ní ráútà, ẹ̀rọ kékeré yìí ni ẹnu-ọ̀nà tí gbogbo fóònù àti kọ̀ǹpútà ilé ń gbà bọ́ sórí ayélujára. Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà ṣọ́ ọ.

Èkínní: kí òbí tẹ nọ́ńbà ráútà náà, tí ó sábà máa ń jẹ́ 192.168.1.1 tàbí 192.168.0.1, sí ibi tí a ń tẹ àdírẹ́sì sí lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ aṣínà tí a tẹ̀ sí ara ẹ̀rọ ni kí ó kọ́kọ́ pààrọ̀, nítorí pé ọmọ tí ó mọ̀wé kà lè kà á níbẹ̀, kí ó sì tú gbogbo ohun tí òbí dì.

Èkejì: DNS ni ó ń júwe ọ̀nà ibi tí a ń lọ fún ẹ̀rọ. Bí a bá fi 1.1.1.3 àti 1.0.0.3 ti Cloudflare síbẹ̀, kò ní júwe ọ̀nà ibi àwòrán ìṣekúṣe tí ó bá mọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ̀kẹta: ọ̀pọ̀ ráútà lè ti ọ̀nà mọ́ fóònù ọmọ ní wákàtí tí ó yẹ kí ó sùn.

Mo ti bá àwọn òbí mélòó kan ṣe ètò yìí ní Accra, mo sì ṣàkíyèsí ohun kan. Ọ̀pọ̀ ilé níbí ni kò ní ráútà. Dátà inú fóònù ni wọ́n ń lò. Ọmọ tí ó bá ní síìmù tirẹ̀ kò gba ẹnu-ọ̀nà ilé kọjá rárá. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, Family Link ti Google, tí a ń fi sórí fóònù Android rẹ̀ gan-an, ni ó bá a mu. Síbẹ̀, kò lè ṣọ́ fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Nítorí náà, kí òbí pe ọmọ jókòó kí ó tó ti ilẹ̀kùn kankan, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ọmọ tí ó mọ̀ pé a kò ní na òun bí òun bá sọ òtítọ́ ni yóò sáré wá sọ fún ìyá rẹ̀ nígbà tí àjèjì bá ní kí ó fi àwòrán ìhòòhò ara rẹ̀ ránṣẹ́. Ní Gánà, a lè pe 292 láti fi irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ sùn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá dákẹ́, ta ni yóò mọ̀ tí yóò pè?

Ìbéèrè: (1) Èé ṣe tí a fi ń kọ́kọ́ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà ráútà? (2) Kí ni ìwọ yóò sọ fún òbí tí kò ní ráútà nílé?