Nọ́ńbà Fóònù Kì í Ṣe Èèyàn: Ẹ̀kọ́ Láti Ara Owó Ìrànwọ́ Ajílẹ̀

Ọ̀rọ̀ tòní ni owó ìrànwọ́: owó tí ìjọba ń san lé ọjà lórí kí ó má bàa wọ́n jù fún ará ìlú. Àwọn mìíràn ń pè é ní sọ́bsídì.

Ní Nàìjíríà tẹ́lẹ̀, ìjọba fúnra rẹ̀ ló máa ń ra ajílẹ̀, ìyẹn ohun tó ń jí ilẹ̀ tó ti rẹ̀, láti pín in fún àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ alágbàtà, àwọn tó ń gbà á tà, ló máa ń há sí. Akinwumi Adesina, tó di mínísítà ètò ọ̀gbìn ní 2011, sọ pé nínú 100 àgbẹ̀, 11 péré ló ń rí i gbà.

Ní 2012, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò tuntun, Growth Enhancement Support. Ẹ jẹ́ ká tò ó bí a ṣe ń to kóòdù:

1. Àgbẹ̀ á fi orúkọ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sílẹ̀.
2. Kọ̀ǹpútà á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù náà. (Ohun tí a tẹ̀ láti fi jíṣẹ́ ni àtẹ̀jíṣẹ́.)
3. Àgbẹ̀ á lọ bá oníṣòwò tí wọ́n ti fọwọ́ sí ládùúgbò rẹ̀.
4. Á san ìdajì owó àpò ajílẹ̀ méjì, oníkílò 50. Ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ á pín ìdajì tó kù san. Irúgbìn wà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ètò yìí wú mi lórí, torí pé ó gba iwájú alágbàtà kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìgbésẹ̀ kìíní dáadáa. Ẹni tí kò ní fóònù ńkọ́? Ìyàwó tó ń lo ti ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Abúlé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dé ńkọ́?

Mo mọ ìṣòro yìí, torí èmi náà ti dá a sílẹ̀ rí. Níbí ní West Ridge, nítòsí Devon Avenue, mo bá àwọn kan tó ń pín oúnjẹ kọ ètò kékeré fún orúkọ àwọn tó ń wá gbà á. Nọ́ńbà fóònù ni mo ní kí kọ̀ǹpútà fi dá èèyàn mọ̀. Ní Sátidé àkọ́kọ́, màmá àgbàlagbà kan dé, orúkọ wọn ò sí níbẹ̀. Nọ́ńbà ọmọ wọn ni wọ́n fún wa. Nígbà tí ọmọ náà forúkọ sílẹ̀, tiẹ̀ pa ti ìyá rẹ́. Màmá ní, "Ọmọ mi, ṣé mi ò sí láyé mọ́ ni?" Ojú tì mí. Mo bẹ̀ wọ́n, mo sì bá wọn gbé oúnjẹ délé.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tún un kọ: ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ìwé wa, fóònù kàn jẹ́ ọ̀nà láti fi kàn sí i ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní oko Illinois níbí: ọ́fíìsì Farm Service Agency máa ń fún oko ní nọ́ńbà, owó á sì bọ́ sí báńkì àgbẹ̀ tààrà. Bí àgbẹ̀ bá pààrọ̀ fóònù, ìyẹn ò pa orúkọ rẹ̀ rẹ́.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: ẹ pe àgbà kan nílé, ẹ bi wọ́n pé, "Báwo lẹ ṣe máa ń rí ajílẹ̀ rà nígbà yẹn?" Ẹ gbọ́ iye ìgbà tí ẹ máa gbọ́ "alágbàtà". Ó dìgbà o.