Aró Tí A Fi Ń Dá Bakitéríà Mọ̀

Bí a tilẹ̀ gbé bakitéríà sábẹ́ mikirosíkóòpù, ojú kì í tètè rí i, nítorí kò ní àwọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń pa á láró. Ní ọdún 1884, Hans Christian Gram, dókítà ará Dẹ́ńmáàkì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Berlin, kọ̀wé nípa ọ̀nà tí a ṣì ń lò títí dòní. A ó da aró crystal violet sórí bakitéríà tí a ti lẹ̀ mọ́ dígí, a ó fi áyódíìnì dè é, a ó fi ọtí líle fọ̀ ọ́, a ó sì fi aró pupa kẹ́yìn rẹ̀. Àwọn mìíràn ni wọ́n fi aró pupa yìí kún un. Èyí tí ògiri ara rẹ̀ nípọn yóò di aró àkọ́kọ́ mú; èyí tí tirẹ̀ fẹ́lẹ́ yóò sọ ọ́ nù, yóò sì pọ́n.

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ yóò rántí ìka ọwọ́ tí aró ti bà jẹ́. Lóòótọ́ ni ìbọ̀wọ́ yẹ, ṣùgbọ́n iná tí a fi ń yá dígí, tí ó wà lórí tábìlì kan náà pẹ̀lú ọtí líle tàbí acetone, ni ó ń bà mí lẹ́rù jù. Oru acetone a máa rìn lórí tábìlì láìfojúrí. Kò dìgbà tí ìgò bá kan iná. Ẹ jẹ́ kí a pa iná pátápátá kí a tó ṣí ìgò náà.

Fún àwọn ọmọ kékeré, bakitéríà inú yógọ́ọ̀tì àti aró methylene blue tó: ìṣẹ́jú kan, omi lásán ni a ó sì fi ṣàn án. Kò fẹ́ ọtí líle rárá.

Ọ̀nà kan wà tí kò tilẹ̀ fẹ́ aró. A ó po bakitéríà mọ́ ẹ̀kán potassium hydroxide, ìdá 3 nínú 100. Bí ògiri ara rẹ̀ bá fẹ́lẹ́, yóò fọ́, ohun inú rẹ̀ yóò sì máa fà bí ọbẹ̀ ilá nígbà tí a bá gbé ọ̀pá sókè. Kò lè fi ìrísí bakitéríà hàn wá, oògùn náà sì lè ba ojú jẹ́. Awò ìdáàbòbò ṣe pàtàkì.

Ohun kan tí n kò fara mọ́ ni kí ọmọ ilé-ìwé máa gbin ohun tí ó fi òwú nù ní ilé ìgbẹ́ tàbí ọ̀nà ọ̀fun. Ta ni ó mọ ohun tí yóò hù níbẹ̀? Dígí tí a ti lò pàápàá, inú omi bulíìsì ni kí ó kọ́kọ́ wọ̀.