Bí A Ṣe Ń Tọ Ipasẹ̀ Bàbá Àgbà Tó Lọ Ogun Hitler

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọdé ṣubú, ó wo iwájú. Àgbà ṣubú, ó wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni ẹ̀kọ́ tòní fẹ́ kí a wò.

Àwa tí a ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Àríwá yìí máa ń kọjá níwájú bárékè Dalet àti Kalapanzin ní Kàdúná, àti Chindit ní Sàríà. Mélòó nínú wa ló mọ̀ pé Arakan ní ilẹ̀ Bọ́má ni Dalet àti Kalapanzin wà, níbi tí àwọn bàbá wa ti bá àwọn ará Japan jà? Chindit ni orúkọ àwọn ọmọ ogun tó wọ inú igbó lọ sí ẹ̀yìn ọ̀tá. Ní 1944, àwọn ọmọ Nàìjíríà wà nínú wọn.

Ní ilé wa, ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ ni pé Bọ́má ni bàbá bàbá wa lọ, àti pé ìbọn àwọn ará Japan ló dá àpá sí i lẹ́sẹ̀. Nígbà tí a tọ́ ọ̀rọ̀ náà dé ìdí, ibòmíràn ló já sí. Ọ̀nà tí a gbà nìyí.

Ìkínní, àmì ẹ̀yẹ. Àwọn ìràwọ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ológun ìgbà náà kò ní orúkọ ẹni tó gbà á lára, ṣùgbọ́n a kọ orúkọ ogun sí i. Burma Star jẹ́ ti Bọ́má; aṣọ rẹ̀ jẹ́ aró dúdú, ó ní ìlà pupa láàárín àti ìlà ọsàn méjì. Africa Star kan àwọn tó jà ní Somalia àti Abisíníà pẹ̀lú. Aṣọ rẹ̀ dà bí iyanrìn, ìlà pupa wà láàárín rẹ̀. Africa Star ni a bá nínú àpótí bàbá. Ṣùgbọ́n èyí nìkan kò tó: àwọn kan lọ sí ogun méjèèjì, àmì ẹ̀yẹ a sì máa sọnù.

Ìkejì, orúkọ àti nọ́ńbà. Ìwé ìdásílẹ̀ kan wà tí ẹ̀gbọ́n bàbá wa ti fẹ́ sun níná, nítorí pé orúkọ orí rẹ̀ kì í ṣe orúkọ ilé wa. Wọn kò mọ̀ pé àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń kọ orúkọ ọmọkùnrin kan, kí wọ́n sì fi orúkọ ìlú rẹ̀ ṣe orúkọ bàbá rẹ̀. Nítorí náà, ẹ wá orúkọ ìlú pẹ̀lú orúkọ ilé. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ da nọ́ńbà rẹ̀ kọ. NA ló máa ń ṣáájú nọ́ńbà àwọn ọmọ Nàìjíríà. Orúkọ lè yí padà. Nọ́ńbà kì í yí.

Ìkẹta, ọdún. 1942 ni a dá bàbá wa sílẹ̀. Dífíṣọ̀n 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò sì dé Íńdíà títí di 1943. Dífíṣọ̀n 82 tẹ̀ lé e ní 1944. Nítorí náà, bàbá wa kò lè jà ní Bọ́má. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà tó gba Kẹ́ńyà wọ Mogadishu ní oṣù kejì 1941, tí wọ́n sì gun òkè Marda lọ sí Harar ní oṣù kẹta, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá mu. Àwọn ará Ítálì ni wọ́n bá jà. Ní àdúgbò wa, gbogbo ẹni tó bá ti ogun Hitler dé ni wọ́n ń pè ní ṣójà Bọ́má. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti wọlé.

Ìkẹrin, àwòrán. Bí ẹ bá rí aláǹtakùn dúdú ní èjìká aṣọ rẹ̀, Dífíṣọ̀n 81 nìyẹn. Ọ̀kọ̀ méjì tó gba inú òṣùká kọjá ni ti 82.

Ìkarùn-ún, ilé ìwé àtijọ́. Ìjọba Àpapọ̀ ní i ní Ìbàdàn, Ẹnúgù àti Kàdúná. Ẹ lè ka fáìlì àgbègbè yín níbẹ̀. Ìwé ojoojúmọ́ àwọn ẹgbẹ́ ológun wà ní Kew ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Kì í sábà dárúkọ ṣójà lásán, ṣùgbọ́n ó ń sọ ibi tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà. Ní ti ẹni tí kò padà wálé, Commonwealth War Graves Commission ní orúkọ àwọn tó kú. Lára òkúta ìrántí tó wà ní Taukkyan ní Bọ́má, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,000 orúkọ àwọn tí a kò mọ sàréè wọn.

Olóògbé Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, tí ìbọn bà ní Bọ́má ní 1944, fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn tirẹ̀ sílẹ̀. A tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1999. Bàbá tiwa kò kọ nǹkan kan. Ìwé kan ṣoṣo ló kù, díẹ̀ ló sì kù kí iná jó o.

Bí ẹ bá lọ sílé ní ìsinmi yìí, ẹ kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà, kí ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣí àpótí. Ẹ da gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ kọ kí ikán tó jẹ ẹ́. A kò fi òtítọ́ tí a rí yìí bu bàbá wa kù. Ọ̀nà tí ó rìn gan-an ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀.