Nọ́ọ̀sì Àgbà Padà Sí Yunifásítì: Kí Ló Tún Ń Wá?

Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí kan ọ̀rọ̀ owó yíyá. Àwọn kan máa ń tọrọ owó nítorí aya, ọkọ tàbí ọmọ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìlera, tó wá fẹ́ padà lọ kàwé fún oyè kejì nínú ìmọ̀ ìlera àwùjọ. Ìbéèrè tó sì máa ń jáde ni pé: "Lẹ́yìn ọdún 15, ṣé kò tíì mọ abẹ́rẹ́ gún ni?"

Ó mọ̀ ọ́n gún dáadáa. Kì í ṣe abẹ́rẹ́ ló ń lọ kọ́. Ní ọsibítù, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń tọ́jú lẹ́ẹ̀kan. Nínú ìlera àwùjọ, odindi ìlú ni aláìsàn. Bí ọmọ kan bá ń ṣu tó ń bì, nọ́ọ̀sì yóò fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà. Bí ogójì ọmọ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ládùúgbò kan náà ńkọ́? Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ka iye wọn, kó sì wá kànga tí wọ́n ti ń pọn omi.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Zamfara lọ́dún 2010. Àwọn ọmọdé ń kú ní àwọn abúlé bíi Dareta àti Yargalma. Gìrì ń mú wọn. Ẹni tó bá rí ọ̀kan péré nínú wọn, ibà ni yóò pè é. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, òjé ni wọ́n bá níbẹ̀. Àwọn òbí wọn ń wa wúrà, wọ́n ń gbé òkúta rẹ̀ wálé, wọ́n sì ń fi irú ẹ̀rọ tí a fi ń lọ àgbàdo lọ̀ ọ́. Òjé ló wà nínú òkúta yẹn, eruku rẹ̀ sì bo àgbàlá tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré. Ó lé ní 400 ọmọdé tó kú. Dókítà ní oògùn tó ń fa òjé jáde lára, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá gbádùn tán, tó tún padà sínú eruku náà, iṣẹ́ asán ni. Àwọn tó mọ̀ nípa ilẹ̀ ló bá wọn hú erùpẹ̀ olóró náà kúrò. A sì ní láti bá àwọn awakùsà sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀yin oníṣòwò mọ èyí jù mí lọ: bí ẹ bá kàn ní kí ènìyàn má wa wúrà mọ́, láìsọ ohun tí yóò jẹ, òru ni yóò máa wà á.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí wọ́n fi ń kó oníṣẹ́ oríṣiríṣi jọ sínú kíláàsì kan. Lọ́dún 2008 ni ètò Nigeria Field Epidemiology and Laboratory Training Programme bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Ahmadu Bello ní Zaria. Dókítà, dókítà ẹran àti onímọ̀ yàrá àyẹ̀wò ni wọ́n jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ fún ọdún méjì, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ láàárín ìlú. Kí ni ti dókítà ẹran níbẹ̀? Ẹ rántí ibà Lassa. Eku ló ń gbé e, ó sì lè tọ̀ sórí gàrí tí a sá sẹ́bàá títì. Ọ̀rọ̀ eku, ọ̀rọ̀ gàrí, ọ̀rọ̀ aláìsàn, ọ̀kan náà ni wọ́n o jàre.

Èso rẹ̀ hàn nígbà tí Ebola wọ Èkó ní July 20, 2014. Dókítà Ameyo Adadevoh kọ̀, kò jẹ́ kí aláìsàn náà kúrò ní ọsibítù. Ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i. Àwọn tí ètò yìí kọ́ wà lára àwọn tó ń lọ láti ilé dé ilé, tí wọ́n ń ṣọ́ gbogbo ẹni tó ti fara kan àwọn aláìsàn, fún ọjọ́ 21. Nǹkan bí 900 ènìyàn ni wọ́n ṣọ́. Ènìyàn 20 ló kó àrùn náà, 8 kú, nígbà tó sì di October 20, ó ti tán nílẹ̀ wa. Ẹ fojú inú wò ó ká ní ó wọ ọjà.

Ọjọ́ orí kì í ṣe ìdíwọ́ rárá. Nọ́ọ̀sì tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ mọ ìdí tí ìyá kan kì í fi í gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níléèwé kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí nọ́ọ̀sì yẹn kò tíì ní ni ìṣirò àrùn, ọ̀rọ̀ àyíká àti bí a ṣe ń ṣètò owó ìlera. Òun ló ń lọ wá.

Ṣùgbọ́n ẹ má sáré fọwọ́ síwèé o. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ń béèrè oyè àkọ́kọ́. Ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì nìkan lè má tó. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá ibi iṣẹ́ yóò fún un láyè láti lọ kàwé, tí owó oṣù yóò sì máa wọlé, torí inú owó oṣù yẹn náà la ó ti san gbèsè. Ẹ má sì gbàgbé owó iṣẹ́ ìwádìí ìparí ẹ̀kọ́: ìrìn àjò, ìwé títẹ̀, àyẹ̀wò. Kì í sábà sí nínú iye tí iléèwé kọ́kọ́ ń kọ síwèé. Ẹni tó bá fẹ́ tọrọ owó yìí, kó mú ìwé ìgbàwọlé àti ìwé ìyọ̀ǹda ibi iṣẹ́ wá fún akọ̀wé kí ìgbìmọ̀ tó jókòó.