Yíyan Kọ̀ǹpútà Àkọ́kọ́ fún Amòòkùn

Ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 2013, ọkọ̀ ojú omi kan tí a ń pè ní Jascon-4 dojúdé lórí òkun, níwájú etí òkun Escravos ní gúúsù Nàìjíríà. Ó rì títí ó fi kan ilẹ̀ òkun, níbi tí omi jìn tó nǹkan bí 30 mítà. Ènìyàn 12 ni ó wà nínú rẹ̀. Harrison Okene, alásè ọkọ̀ náà, nìkan ni ó yè. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ tí ó há sínú yàrá kan ni ó ń mí fún nǹkan bí wákàtí 60, nínú òkùnkùn àti òtútù, kí àwọn amòòkùn tí wọ́n wá kó òkú tó bá a láàyè.

Ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn yìí yóò rò pé ńṣe ni wọ́n gbé e sókè wéréwéré kí ó lè rí oòrùn. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Yàrá irin kan tí a fún afẹ́fẹ́ mọ́ inú rẹ̀ ni wọ́n mú un lọ, ó sì lé ní ọjọ́ méjì kí wọ́n tó jẹ́ kí ó jáde sí gbangba. Kí ni ìdí rẹ̀? Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ni ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà amòòkùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀. Nítorí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ tí irinṣẹ́ kan ń ṣe, kò lè mọ èyí tí ó yẹ kí ó rà.

Nínú afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń mí, nǹkan bí ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún ni náítrójìn. Lórí ilẹ̀, náítrójìn yìí ń wọlé, ó sì ń jáde láìṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Ṣùgbọ́n omi wúwo. Bí amòòkùn bá ti ń lọ sílẹ̀ ní mítà 10 mítà 10, ohun tí ń tẹ ara rẹ̀ ń fi ìwọ̀n kan pọ̀ sí i, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ní 30 mítà, ó ti di ìlọ́po mẹ́rin ti orí ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú àgbá tí ó gbé sẹ́yìn a máa bá ìwúwo omi náà dọ́gba bí ó ti ń mí in, náítrójìn a sì máa yòrò wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara rẹ̀. Bí omi bá ti jìn tó, àti bí amòòkùn bá ti pẹ́ tó nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni náítrójìn ara rẹ̀ yóò pọ̀ tó.

Bí ó bá rọra gòkè, náítrójìn náà yóò gba ẹ̀dọ̀fóró jáde ní ìrọ̀rùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá sáré gòkè, yóò hó nínú ara rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò ti í hó nígbà tí a bá ṣí ìdérí ìgò rẹ̀ lójijì. Èhó kéékèèké wọ̀nyí lè mú kí oríkèé ara máa ro ènìyàn gidigidi, wọ́n lè sọ ọ́ di arọ, wọ́n sì lè pa á. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Òwe yìí ni gbogbo òfin ìmòòkùn.

Ní ọdún 1908, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan tí ń jẹ́ J. S. Haldane, òun pẹ̀lú àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwádìí wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde. Ewúrẹ́ ni wọ́n fi ṣe ìdánwò, wọ́n sì ṣe ìwé ìṣirò tí ń sọ bí amòòkùn yóò ti máa dúró díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń gòkè bọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwé ìṣirò irú èyí, aago ọwọ́ àti ẹ̀rọ tí ń wọn jíjìn omi ni amòòkùn gbẹ́kẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n ìwé kò lè tẹ̀ lé ènìyàn lọ sókè sódò. Bí amòòkùn bá lo ìṣẹ́jú 5 ní 18 mítà, tí ó sì lo ìṣẹ́jú 25 ní 9 mítà, ìwé yóò kà á sí i lọ́rùn bí ẹni pé 18 mítà ni ó wà fún gbogbo ìṣẹ́jú 30 náà. Ní ọdún 1983 ni àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí ń tún ìṣirò náà ṣe lemọ́lemọ́ lábẹ́ omi bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọjà. Àwọn ni à ń pè ní kọ̀ǹpútà amòòkùn.

Lónìí, oríṣiríṣi wọn ni ó wà. Suunto ti ilẹ̀ Finland ń ṣe wọ́n, Cressi àti Mares ti Ítálì ń ṣe wọ́n, Shearwater ti Kánádà náà ń ṣe wọ́n. Òmíràn tóbi bí ìdérí ago, òmíràn sì dàbí aago ọwọ́ lásán, ṣùgbọ́n èyí tí ó dàbí aago yìí a sábà máa wọ́n jù. Báwo ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe yan tirẹ̀?

Èkíní ni ojú rẹ̀. Ohun mẹ́rin ni ó gbọ́dọ̀ hàn gbangba ní wíwò kan ṣoṣo: bí omi ti jìn tó, iye ìṣẹ́jú tí amòòkùn ti lò, iye ìṣẹ́jú tí ó kù fún un kí ó tó di dandan fún un láti dúró lọ́nà bí ó bá ń gòkè, àti bí ó ti ń yára gòkè sí. Omi a máa ṣókùnkùn, ojú dígí a sì máa ṣú. Nọ́ńbà wínníwínní tí ó dára nínú ilé ìtajà lè má wúlò nísàlẹ̀ òkun.

Èkejì ni bọ́tìnnì rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó sanwó. Bí kò bá lè rí ohun tí ó ń wá láìṣí ìwé, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò yẹ fún un.

Ẹ̀kẹta ni bátìrì. Ó yẹ kí olóhun mọ̀ bóyá òun lè pààrọ̀ rẹ̀ fúnra òun, tàbí òun lè fi iná sí i, tàbí ó di dandan kí òun máa fi í ránṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀kẹrin ni pé kí ẹ̀rọ náà lè gba afẹ́fẹ́ tí a fi ọ́ksíjìn kún, nítorí ọ̀pọ̀ amòòkùn ní í kọ́ bí a ti ń lò ó láìpẹ́. Ẹ̀karùn-ún ni pé kí ó ṣeé yí sí ìṣirò tí ó túbọ̀ le, fún ọjọ́ tí ó bá rẹ olóhun tàbí tí omi bá tutù.

Àwọn ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n lè ṣe ìṣirò oríṣiríṣi afẹ́fẹ́ tí àwọn àgbà amòòkùn ń lò nínú ibú. Ohun rere ni, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìmòòkùn, 18 mítà ni òpin ibi tí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí lè dé. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ra ẹ̀rọ ńlá tí kò yé e, kí ni yóò ṣe nígbà tí ó bá dún lójijì lábẹ́ omi? Ó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ ń sọ fún un pé, “Rọra, o ń yára gòkè jù.” Òun sì lè rò pé ó ń lé òun jáde nínú omi ni, kí ó sì sáré gòkè sí i. Ohun tí ó rà láti gbà á là ni yóò pa á lára, kì í ṣe nítorí pé ẹ̀rọ náà purọ́, ṣùgbọ́n nítorí pé kò gbọ́ èdè rẹ̀.

Kò tọ́ kí ènìyàn méjì máa lo kọ̀ǹpútà kan. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ẹni tí ó fi mítà 2 jìn ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ kò ní ìṣirò kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Bí ẹ̀rọ àwọn méjèèjì kò bá sì sọ ohun kan náà, èyí tí ó le jù ni kí àwọn méjèèjì tẹ̀ lé.

Lékè gbogbo rẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ rántí pé ẹ̀rọ náà kò rí inú ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ìṣirò ni ó ń ṣe. Kò mọ̀ bí olóhun bá mu ọtí lánàá, tàbí bí kò bá sùn. Nítorí náà, kí ó máa gòkè láìju mítà 9 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Kí ó dúró ní mítà 5 fún ìṣẹ́jú 3 kí ó tó yọ orí. Kí ó má sì wọ ọkọ̀ òfuurufú kí wákàtí 12 tó kọjá bí ó bá mòòkùn lẹ́ẹ̀kan, tàbí wákàtí 18 bí ó bá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí ó bá délé, kí ó fi omi tí kò ní iyọ̀ ṣan ẹ̀rọ rẹ̀.

Okene kò kọ omi sílẹ̀. Nígbà tí ó yá, òun fúnra rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ amòòkùn. Kì í ṣe òkun ni ó yípadà. Ìmọ̀ ni ó fi kún ìgboyà rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ rẹ̀, kí ó ra èyí tí ó yé e, kí ó sì máa gbọ́ tirẹ̀.

Ìbéèrè
1. Kí ni ìdí tí wọn kò fi gbé Okene jáde sí gbangba lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀?
2. Ọ̀nà wo ni kọ̀ǹpútà amòòkùn fi dára ju ìwé ìṣirò lọ?
3. Ṣàlàyé bí òwe “Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́” ti bá àyọkà yìí mu.
4. Kọ àròkọ kan lórí irinṣẹ́ mìíràn tí ó lè pa ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lò lára.